Ohùn Tó Sọdá Ọ̀sà Láàárọ̀

Àwọn ará etí ọ̀sà ní òwe kan tó máa ń rú àlejò lójú: "Ohùn tó sọdá ọ̀sà láàárọ̀, kì í sọdá rẹ̀ lọ́sàn-án." Ẹnu kan náà ni, omi kan náà ni, ọ̀sà ò sì fẹ̀ sí i. Kí ló wá dé? Ọ̀rọ̀ Efúnbọ̀wálé ló bí i, ọ̀rọ̀ náà ò sì dùn.

Opó tó ń yan ẹja ni Efúnbọ̀wálé, Àyọ̀ká nìkan ló bí. Àyọ̀ká kọ ọkọ tí ìyá rẹ̀ yàn fún un, ó lọ fẹ́ apẹja kan lódìkejì ọ̀sà. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti bá a yodì.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá lọ́kọ sódìkejì á dúró létí omi ní ìdájí, á kí ìyá rẹ̀. Atẹ́gùn ò tíì jí nígbà yẹn, omi tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ tútù bò ó, ohùn á sì rìn lórí rẹ̀ geere. Bí ìyá bá dáhùn, ire ọjọ́ náà nìyẹn.

Àràárọ̀ ni Àyọ̀ká ń ké: "Ìyá mi o, ẹ kú ojúmọ́ o!" Efúnbọ̀wálé á gbọ́ ketekete, títí kan ẹkún ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, á sì dákẹ́. Ẹ wo agídí! Ẹni tó ń bínú ọmọ, tó tún ń jí ṣáájú àkùkọ kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àyọ̀ká ké pé: "Ìyá mi o, à ń kó lọ o! Ọ̀nà jìn, ọ̀sán la ó ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ súre fún mi."

"Kó ṣì mọ bó ṣe ń dunni ná," ni ìyá wí nínú ara rẹ̀. Ó padà sídìí ààrò.

Nígbà tí oòrùn gòkè, ọkàn rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó sáré dé etí omi. Kò sí ọkọ̀ kankan nílẹ̀, gbogbo wọn ti lọ sóko ẹja. Ó rí ọmọ rẹ̀ lókèèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí ẹrù kún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó figbe ta: "Àyọ̀ká! Wàá lọ re, wàá bọ̀ re!"

Ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì kọjú sí. Bí ohùn rẹ̀ ṣe ń jáde ni atẹ́gùn ń gbé e sókè, tó ń dà á sẹ́yìn. Ohùn Àyọ̀ká ní tirẹ̀ bá atẹ́gùn wá:

"Ìyá mi, mo rí ọwọ́ yín lókè, mi ò gbọ́ ohùn yín o! Ṣé èpè lẹ ń ṣẹ́ fún mi ni?"

"Èpè kẹ̀! Mò ń súre fún ọ ni, ọmọ mi! Mo súre!"

Àyọ̀ká dẹtí títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi ìborùn bojú, ó wọkọ̀. Ìyá ké títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ibà ló pa Àyọ̀ká níbi tí wọ́n kó lọ. Wọ́n ní títí ó fi kú ló ń bi ọkọ rẹ̀ léèrè ohun tóun ṣe tí ìyá òun fi ṣépè fóun. Ó dùn mí láti sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó wá bá Efúnbọ̀wálé kẹ́dùn bi í pé ṣé kò súre fún ọmọ náà ni, ó ní:

"Mo súre fún un. Àmọ́ ọ̀sán ni."

Látìgbà náà, bí ìyá àtọmọ bá ń yodì níbẹ̀, àgbà kan á rọra sọ fún wọn pé: ohùn tó sọdá ọ̀sà láàárọ̀, kì í sọdá rẹ̀ lọ́sàn-án.