Àga Tí Wọn Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn
Ọlọ́jà, ọba Ìdígbà, jókòó lórí àga àtijọ́ kan, ó ní kí Ọnàwùmí káfíńtà sọ ìlú tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ àti iye rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, bó bá sì ṣì í, ìsọ̀ rẹ̀ di ti ààfin. Ọnàwùmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọba láti orí baba ńlá rẹ̀. Oríkì wọ ọba lára, kò rántí láti ní kó dìde. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ni Ọnàwùmí ti ń wo abẹ́ àga, níbi tí àwọn agbẹ́gi àtijọ́ máa ń fín àmì ìlú wọn sí. Ó rí ìgbín, àmì àwọn ará Òkè-Ìjẹ́dò, ló bá dá oríkì dúró. Ó ní, "Kábíyèsí, Òkè-Ìjẹ́dò ni." Ọ̀tún, ìjòyè ọba tó mọ ìtàn àga náà, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọba ní, "Iye rẹ̀ ńkọ́?" Ọnàwùmí ní, "Bí ẹ bá wà lórí rẹ̀, gbogbo Ìdígbà ni iye rẹ̀. Bí ẹ bá dìde, igi ìrókò lásán ni. Ẹ dìde, Kábíyèsí, kí n díye lé e." Ọba di apá àga náà mú ṣinṣin, ó ní kí káfíńtà máa lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.