Kọ̀ǹdẹ́ńsà Akínmúrelé

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Akínmúrelé tó ń wa ọkọ̀ ojú omi mọ òwe náà, kò kàn fura pé òun ni wọ́n ń pa á fún.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ bó bá tutù. Bó bá ti gbóná, á kú. Bàbá Fọlárìn, mẹkáníìkì èbúté, sọ fún un pé:

"Kọ̀ǹdẹ́ńsà tó ń fún iná pulọ́ọ̀gì lágbára ló ti bàjẹ́. Abẹ́ irin ńlá tó ń yí nì ló wà. Jẹ́ ká tú u, ká pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀, Bàbá."

Pulọ́ọ̀gì tí ojú rí ni Akínmúrelé ń ha láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí àìsàn ìyá rẹ̀ le, ó gbé e sínú ọkọ̀, ó kọrí sí ilé ìwòsàn òdìkejì. Láàárín omi, ẹ́ńjìnnì gbóná, ó kú. Ó ha pulọ́ọ̀gì, ó fa okùn títí ọwọ́ fi bó. Ó wá ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀; kí wọ́n tó gúnlẹ̀, ìyá ti dákẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Fọlárìn pààrọ̀ kọ̀ǹdẹ́ńsà náà. Akínmúrelé fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì dún. Ó gbóná, kò kú.

Akínmúrelé pa ẹ́ńjìnnì náà fúnra rẹ̀, ó mú ògbólógbòó kọ̀ǹdẹ́ńsà náà sí àtẹ́lẹwọ́. Kò ju oríkèé àtàǹpàkò lọ.

"Bàbá, ṣé bó ṣe kéré tó nìyí?"

Bàbá Fọlárìn ń kó irinṣẹ́ rẹ̀.