Ìlàrí Tó Fi Orúkọ Rẹ̀ Rúbọ

Ohùn líle kì í ṣílẹ̀kùn,
Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò,
A dá fún Mádàríkàn, ìránṣẹ́ ọba Ìlódò,
Ní ọjọ́ tó ń lọ tu ará Agbọ̀nlá nínú.

Ẹ̀yin ọmọ awo, ẹ gbọ́ ọ bó ti rí.

Ìlàrí ni wọ́n ń pe ìránṣẹ́ ọba nígbà náà. Wọn a fá apá kan orí rẹ̀, orúkọ tí ọba bá sì fún un ni iṣẹ́ tó ń jẹ́ kiri. Mádàríkàn, ìyẹn ni pé ẹ má ṣe forí gbárí pẹ̀lú ọba. Ọkùnrin náà fẹ́ràn orúkọ yìí ju oúnjẹ lọ.

Àwọn oníbodè Ìlódò mú ọdẹ kan ará Agbọ̀nlá, ìlú tó múlé tì wọ́n, wọ́n ní amí ni. Agbọ̀nlá bá ti ilẹ̀kùn odi, wọ́n ń pọ́n àdá. Inú odi náà ni Àyọ̀ká, ọmọ kan ṣoṣo tí Mádàríkàn bí, wà nílé ọkọ pẹ̀lú oyún. Bí ogun bá bẹ́, bàbá rẹ̀ yóò wà lára àwọn tí yóò finá sí òrùlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn.

Ọba ní kí Mádàríkàn lọ sọ fún ará Agbọ̀nlá pé àlàáfíà lòun ń fẹ́. Ó dé ibodè wọn, ó kígbe orúkọ rẹ̀ bí ìṣe àwọn ìlàrí. Òkúta ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó tún lọ, ó tún gba òkúta bọ̀. Ó ní alágídí ni wọ́n. Kò mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í fi ìhàlẹ̀ ṣáájú.

Ló bá tọ Ifá lọ. Awo ní kó rú òbúkọ, oyin àti obì, kó fi orúkọ rẹ̀ àti irun tó kù lórí rẹ̀ kún un. Wọ́n ní kó gbọ́ kó tó sọ, kí ọba sì ṣe ohun tó bá gbọ́ bọ̀.

Nígbà tó sọ ọ́ láàfin, àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. "Ìlàrí tí kò lórúkọ! Ta ni yóò bẹ̀rù rẹ̀?"

"Ẹ̀rù wọn kọ́ ni mò ń wá. Kábíyèsí, ẹ gba orúkọ yín."

Ó dùn ún dé egungun, ṣùgbọ́n ó rúbọ, ó fá orí kodoro. Ó lọ jókòó sétí odò tí àwọn obìnrin Agbọ̀nlá ti ń pọnmi, ó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìyá àgbà kan ló bú jáde: "Ẹ ń pariwo àlàáfíà, ọdẹ wa sì wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ yín. Ṣé ẹnu dídùn la ó fi tú u?"

Ó padà lọ sọ ọ́ fún ọba, kò bu iyọ̀ sí i. Ọba ní kí wọ́n tú ọdẹ sílẹ̀. Ìránṣẹ́ náà fà á lọ́wọ́ dé ibodè Agbọ̀nlá.

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá Àyọ̀ká ni. Ọmọ yín ni mo mú wá."

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n ju àdá sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ ọdẹ wọn. Orí itan bàbá Àyọ̀ká ni wọ́n gbé ọmọ tuntun sí lọ́jọ́ ìkómọ.

Ó gbọ́ ẹbọ, ó rú, ire sì dé bá a. Ifá ní ọba tó bá fẹ́ kí ará ìta fẹ́ràn òun, ọwọ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹnu tó tẹ̀lé e.