Sílíìfù Tó Wọlé Wẹ́rẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀.

Àlọ́ mi ta kọ́ọ́, ó bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì Ìyá Awó. Ó tún ta kọ́ọ́, ó bọ́ sórí ìrù Òkété. Ẹ sún mọ́ra, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń gbé ìlú bí èèyàn, ẹ́ńjìnnì ìlọta kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wọn. Awó ló ni ín. Kò ka ìwé kankan kó tó mọ iṣẹ́ náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò dún, á tú u. Bó bá tò ó tán tí kò tún dún, á tún un tú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n débi pé, bó bá ń sàba lórí ẹyin nínú yàrá, á kàn gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì lóde, á ní, "Ẹ bu omi sí i, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́." Òótọ́ ni yóò sì jẹ́.

Àgbàdo gbogbo ìlú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun tó bá dà sílẹ̀, òun ni àwọn ọmọ Awó ń ṣà jẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ ṣe máa ń pọ̀ tó nílé Awó.

Ní ọdún kan, wọ́n ń kórè lọ́wọ́ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Èéfín rẹ̀ dà bí aró. Kó tó lọ àgbàdo igbá kan, á sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Awó tú u palẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò tí písítìnì ti máa ń lọ tó ń bọ̀. Ihò náà ti jẹ, ó ti fẹ̀.

"Sílíìfù ló kú," ni Awó wí.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má bi ara yín léèrè. Sílíìfù ni aṣọ irin tí wọ́n ń wọ̀ fún inú ẹ́ńjìnnì, inú rẹ̀ ni písítìnì ń gbé. Bó bá gbó, ẹ ó wọ òmíràn fún un. Ṣùgbọ́n agbẹ́rin, ẹni tó ń gbẹ́ irin, ló ń wọ̀ ọ́, ó sì gbọ́dọ̀ há.

Baálẹ̀ ìlú náà ni Erin. Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Ìyá Awó," ni Erin wí, "òjò ń bọ̀. Bí àgbàdo yìí bá pẹ́ nílẹ̀, kòkòrò ló máa bá wa lọ̀ ọ́. Mo fún ọ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá dún lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilé ìlọta á kúrò lọ́wọ́ rẹ, á di ti Ọ̀yà. Ó ní eyín òun nìkan tó láti lọ̀ ọ́."

Ọ̀yà fi eyín han ìlú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Awó kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo àwọn ọmọ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ilẹ̀ tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ìlú dá ẹ̀pà jọ, ó kún àpò kan. Ẹ̀pà náà ni wọ́n máa gbé fún agbẹ́rin, fún sílíìfù àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Awó fẹ́ dìde lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹyin nílẹ̀ tó ń sàba lé. Ibẹ̀ ni Òkété ti fò dìde.

Lásìkò yẹn, funfun ni ìrù Òkété láti ìdí títí dé ṣóńṣó. Kò sóhun tó fẹ́ràn tó o. Bó bá ń sọ̀rọ̀, á mú ìrù náà lọ́wọ́, á máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún bí olóyè.

"Ìyá Awó, ẹ jókòó lórí ẹyin yín jẹ́jẹ́," ni Òkété wí. "Ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ yín ni."

"Ìsọ̀ Àkókó agbẹ́rin ni kí o gbé e lọ, ní òdìkejì odò," ni Awó wí. "Kó wọn ihò yẹn kó tó mú sílíìfù. Sílíìfù tuntun ni kó fi sí i, kó sì nípọn. Bó bá ní kí o dúró ọjọ́ mẹ́ta, dúró."

"Ọjọ́ mẹ́ta? Màá dúró ọjọ́ mẹ́rin bí ẹ bá fẹ́."

Ó gbé ikùn ẹ́ńjìnnì, tí ihò náà wà nínú rẹ̀, sórí ọmọlanke, ó gbé àpò ẹ̀pà lé e, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Awó kò rí. Kí Òkété tó dé etí odò, ó ti tọ́ ẹ̀pà wò. Ó dùn. Ó tún tọ́ ọ wò. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, kí ni Àkókó fẹ́ fi gbogbo ẹ̀pà yìí ṣe, ẹyẹ tó jẹ́ pé kòkòrò inú igi ló ń jẹ? Ó gbẹ́ ilẹ̀, ó ri àpò náà mọ́lẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣoṣo fún owó iṣẹ́, ó yà sọ́dọ̀ Akàn.

Akàn náà ní òun jẹ́ agbẹ́rin. Ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, kò sí nǹkan níbẹ̀ ju irin àlòkù lọ.

"Ṣé ẹ kò ní wọ̀n ọ́n?" ni Òkété bi í.

"Ojú mi méjèèjì tó yọ síta yìí, kí lo rò pé mo fi ń ṣe?" ni Akàn dáhùn. "Lọ jẹun. Kí o tó fọwọ́, mo ti ṣe tán."

Ó mú sílíìfù àlòkù kan, ó fi yanrìn àti eérú bó o títí tó fi ń dán. Ó tì í sínú ihò. Ó ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́. Ni Akàn bá yọ ọ́, ó fi ewé ẹ̀kọ ká a lára, ó tún tì í wọlé. Kò mì mọ́. Òkété rí i. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó lọ sùn sí ihò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń jẹ ẹ̀pà, kí wọ́n lè rò pé ó dúró ti iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin ló fa ọmọlanke wọ̀lú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ọ̀tún àti òsì.

"Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ?" ni Awó bi í.

"Eyín," ni Òkété wí láìla ẹnu tán. "Gbogbo òru ni mo fi ń ṣọ́ agbẹ́rin."

"O kú iṣẹ́ o. Báwo ló ṣe wọ sílíìfù náà?"

"Ìyá Awó, ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Ìka méjì ló fi tì í. Wẹ́rẹ́ ló wọlé."

Bí ìlú ṣe gbọ́ wẹ́rẹ́, inú wọn dùn. Ta ni kò fẹ́ kí ire wọlé wẹ́rẹ́? Wọ́n bú sórin:

*Òkété, báwo ló ṣe wọlé o?*
*Wẹ́rẹ́ ló wọlé, wẹ́rẹ́.*
*Ṣé wọ́n lù ú, ṣé wọ́n fagbára tì í?*
*Wẹ́rẹ́ ló wọlé, wẹ́rẹ́.*

Awó kò bá wọn gbè é. Ó ń rò ó lọ́kàn rẹ̀: Ohun tí ìka méjì tì wọlé, kí ni kò ní jẹ́ kí ìka méjì fà á jáde? Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ ọ láàárín ijó? Ó to ẹ́ńjìnnì pọ̀. Nígbà tó tò ó tán, ó nu ẹsẹ̀, ó ní:

"Baálẹ̀, ẹ rántí àṣà wa. Ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì lọ ṣe ló ń kọ́kọ́ yí i. Kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi lọ igbá àgbàdo kan tán."

"Òótọ́ ni," ni Erin wí. "Òkété, bọ́ síwájú."

Òkété rò ó pé ewé ẹ̀kọ náà kò lè ṣàìdúró di ìrọ̀lẹ́. Ó yí ẹ́ńjìnnì. Pù, pù, pù, ó dún. Ìlú hó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àparò, aládùúgbò Awó, fa imú.

"Ta ló ń se ẹ̀kọ?" ni Àparò bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó ń se ẹ̀kọ."

"Èmi ń gbóòórùn ewé ẹ̀kọ o. Ó ti ń jóná."

Gbogbo ojú yí sí ẹ́ńjìnnì. Ewé jóná tán, sílíìfù jábọ́, ẹ́ńjìnnì dún gbàgà, ọ́ìlì dúdú sì ya jáde, ó kọjú sí ìdí Òkété. Òkété kò rántí ẹsẹ̀, kò rántí orí. Ìrù rẹ̀ ló rántí. Ó gbá ṣóńṣó ìrù mú, ó fẹ́ jù ú sẹ́nu kí ọ́ìlì má baà bà á jẹ́. Ó la ẹnu. Ẹ̀pà bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti ọ̀tún, ó ń dà láti òsì, paa, paa, paa, sí iwájú Baálẹ̀.

Erin fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ ṣa ẹ̀pà kan, ó wò ó.

"Òkété, ṣé eyín rẹ nìyí?"

Ẹ̀rín pa ìlú. Ọ̀yà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ eyín tirẹ̀ náà nù. Àwọn ọmọ Awó ti bo ẹ̀pà náà, wọ́n ń ṣà á jẹ.

"Àpò ẹ̀pà dà?" ni Awó bèèrè.

"Ó wà nínú ilẹ̀, Ìyá Awó. Ó kù ju ìdajì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi nu ìrù mi."

"A ó nu ún tí a bá dé. Fa ọmọlanke."

Àparò ní òun á bá Awó jókòó lé ẹyin. Wọ́n hú àpò ẹ̀pà lọ́nà, Awó sì tẹ̀ lé ẹrù rẹ̀ dé òdìkejì odò fúnra rẹ̀. Àkókó kò kí wọn tán kó tó fi ẹnu kan ara ẹ́ńjìnnì, kọ́, kọ́, kọ́, ó dẹ etí. Ó fi igi tín-ín-rín wọn ihò náà lókè, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀. Ó gbé sílíìfù mẹ́ta jáde.

"Mú ọ̀kan," ló wí fún Awó.

Awó kan àkọ́kọ́, ó dún bí agolo. Ó fẹ́lẹ́ jù. Ó kan ìkejì, ó dún pọ́kọ́. Ó ti sán níbì kan tí ojú kò rí. Ó kan ìkẹta, ó dún gbọ̀ọ̀ọ̀n, ohùn rẹ̀ kò tètè tán nílẹ̀.

"Èyí tó ń kọrin yìí ni," ni Awó wí.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Àwọn tó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni, Bàbá."

Àkókó rẹ́rìn-ín. Ó gbẹ́ ihò náà fún ọjọ́ méjì títí tó fi kéré díẹ̀ sí sílíìfù. Lọ́jọ́ kẹta, ó yan ikùn ẹ́ńjìnnì lórí iná, ó ri sílíìfù sínú odò níbi tó tutù jù lọ. Ó gbé sílíìfù lé ẹnu ihò náà. Ó dún gbì, ó ti dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó ní kí Òkété fà á. Òkété fà á, ó fà á, sílíìfù kò mì, ó jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Òkété náà ni wọ́n ní kó yí i. Ó di ojú kó tó yí i. Pùkùpùkùpùkù. Kò sí òórùn ewé, kò sí èéfín aró. Ìyẹ̀fun ń rọ̀ bí òwú. Ariwo yẹn ni àwọn ẹyin tí Àparò ń sàba lé gbọ́ tí wọ́n fi pa, wọ́n sì sáré jáde wá jẹun. Ọ̀yà bu àgbàdo tirẹ̀ wá lọ̀, ó pa ẹnu mọ́ eyín. Ìlú tún orin dá:

*Ìyá Awó, báwo ló ṣe wọlé o?*
*Ṣinṣin ló wọlé, ṣinṣin.*
*Ṣé ó rí iná, ṣé ó rí omi?*
*Ṣinṣin ló wọlé, ṣinṣin.*

Òkété fọ ìrù rẹ̀ títí, ọ́ìlì kò kúrò. Ibi tó gbá mú nìkan ló funfun títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí wọ́n bá ní iṣẹ́ ti parí, má tíì jó, kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Bí wọ́n bá sì fi nǹkan ìlú rán ọ, gbé e dé ibi tí wọ́n rán ọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, kó dúró de Òkété létí ihò rẹ̀, kó wo ìrù rẹ̀ dáadáa kó tó padà wá bá mi jà.