Bí Ọparun Ṣe Di Olóríkèé

Nígbà láéláé, ọparun kò ní oríkèé kankan lára. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, inú rẹ̀ sì ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kì í dúró lóòró nígbà náà. Ńṣe ló máa ń nà gbalaja sílẹ̀ bí ejò tó ń yá oòrùn.

Ní àkókò yẹn, àwọn ẹranko kan tẹ ìlú dó sí ìsàlẹ̀ òkè àpáta kan. Abẹ́-Òkè ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ilẹ̀ ibẹ̀ gba iṣu, ó gba ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò sí odò, kò sì sí kànga. Orí àpáta lókè téńté ni ìsun omi wà. Kí ẹnikẹ́ni tó rí omi bù mu, àfi kó pọ́n òkè. Àwọn àgbà ń yọ̀ ṣubú, omi ń dà, wọ́n á tún padà lọ.

Ọparun ló gbà wọ́n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹnu lé ìsun, kí n na ẹsẹ̀ dé àárín ìlú. Omi á gba inú mi wá bá yín nílé."

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ó gbé ẹnu lé ìsun, ó na ara gba orí àpáta, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀wà, ó gba ẹ̀yìn ilé Ọ̀bọ, ó wá ki ẹsẹ̀ bọ ìkòkò ràgàjì kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níwájú ilé Baálẹ̀ Ìgalà. Tọ̀sán-tòru ni omi ń lọ wọ̀ọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Ọparun tó ìró omi yẹn. Bí àwọn ọmọdé bá jí ní òwúrọ̀, wọ́n á gbé igbá wá, wọ́n á kúnlẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ọparun!"

"Ẹ kú o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ mu ún kí ẹ yó."

Òkété náà ń gbé ní Abẹ́-Òkè. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ilé tirẹ̀ wà. Ní ọjọ́ kan, ó sáré jáde láti inú ihò rẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà nínú irun imú rẹ̀, ó kọrí sí ilé Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, Ilẹ̀ ń kérora o," ni Òkété wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ó ń kérora bí ẹni tó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn tí ẹ̀gbẹ́ náà ti kú tipiri. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà."

Etí Baálẹ̀ Ìgalà nà ṣánṣán. "Bí Ilẹ̀ bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, àwa tí a kọ́lé sí i lẹ́yìn ńkọ́?"

"Yóò mì wá jìgìjìgì. Bí ilé bá wó, a ó tún un kọ́. Omi ni mo ń rò. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa."

Àwọn méjèèjì bá gba ọ̀dọ̀ Ọparun lọ, àwọn ará ìlú sì rọ́ tẹ̀ lé wọn. Òkété kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ara Ọparun tó ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wá bẹ̀ yín ni. Ẹ jẹ́ kí a pín inú yín sí yàrá-yàrá, kí a fi ògiri sí i, kí ògiri kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn. Bí ibì kan bá fọ́ lára yín lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì, ẹ ó pa ilẹ̀kùn dé, omi yòókù kò sì ní dànù. Ibi tí ògiri bá wà, kí oríkèé wà níbẹ̀, bíi ti ìka ọwọ́, kí ara yín lè máa tẹ̀."

Ọparun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Òkété kò ṣeré, ẹ̀rín náà kú.

"Ògiri kẹ̀? Nínú èmi? Omi tó ń lọ geere, ẹ fẹ́ kó máa kọsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan dé òmíràn? Ẹ wo ara mi, ẹ wo bó ṣe jọ̀lọ̀. Kókó lẹ fẹ́ kó sí i?"

"A ó dá omi dúró fún ọjọ́ díẹ̀ péré," ni Òkété wí.

Ọ̀rọ̀ yìí ló bí Ọ̀bọ nínú. Ọ̀bọ kì í fẹ́ kí ohunkóhun ni òun lára. Ó ní, "Ọjọ́ díẹ̀ kẹ̀? Kí la ó máa mu? Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé iṣu sísun ni mò ń jẹ, òùngbẹ kò sì mọ ọjọ́ díẹ̀. Òkété, inú ara rẹ ló ń kùn tí o pè ní Ilẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òkété náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dìde lórí eékún rẹ̀. Baálẹ̀ Ìgalà mi orí. "Ọparun, ẹ̀yin lẹ ni ara yín. Mi ò lè fi tipátipá mú yín."

"Mo dúpẹ́, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n wà bí mo ṣe wà."

Ohun tí Ọparun kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ẹ̀rù ló ń bà á. Bí wọ́n bá dá omi dúró, tí ìró yẹn sì dákẹ́, kí ló kù nínú òun? Òfìfo lásán. Ó bá yíjú sí ìsun rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Àwọn ará Abẹ́-Òkè ti kó irè oko wọlé, wọ́n sì ti kó gbogbo irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sínú àká kan ṣoṣo. Koríko gbẹ, ewé gbẹ. Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, tí Ọ̀bọ jókòó ti iná iṣu rẹ̀, ni Ilẹ̀ yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Gbì! Gbì-gbì-gbì!

Ilẹ̀ mì tìtì. Ògiri wó, igbá ń yí gbirigbiri kiri. Lẹ́bàá oko ẹ̀wà, apá kan ilẹ̀ gbé sókè, apá kejì rọlẹ̀. Ọparun tó nà tọ́ọ́rọ́ lórí méjèèjì kò lè tẹ̀ sókè, kò lè tẹ̀ sísàlẹ̀. Pàà! Ó ṣẹ́ sí méjì. Omi ìsun ń tú dà sínú oko ẹ̀wà. Ní ìsàlẹ̀, ìkòkò ràgàjì náà ti là, omi tó kù nínú ìlàjì Ọparun sì ń gba ẹsẹ̀ rẹ̀ dà sínú ekuru.

Ìmìtìtì náà tú iná Ọ̀bọ ká. Ẹyín iná kan fò, ó balẹ̀ sórí ilé Ìyá Ọ̀yà, koríko gbígbẹ sì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó di gbùà! Ìyá Ọ̀yà fi ẹnu kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n iná ti ń lá ilẹ̀ lọ sí ọ̀nà àká.

"Omi! Ẹ bu omi wá!"

Wọ́n gbé igbá, wọ́n sáré dé ìdí ìkòkò. Ẹrẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀.

"Omi dà? Ìyá Ọparun, omi dà?"

Ohùn àwọn ọmọdé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọparun gbọ́ ọ nínú ìrora tó wà. Ó mọ̀ pé omi ṣì kù nínú òun, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lọ. Ó fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra kí omi má baà jáde. Omi wúwo, ó ti ẹsẹ̀ náà ṣí. Ó tún un fún, ó sì tún fún ara rẹ̀ díẹ̀ sókè síbẹ̀, kí ìwúwo omi lè pín. Ó fún ara rẹ̀ sókè sí i, ó tún fún un sókè sí i, ó ń fún un lọ títí dé ibi tó ti ṣẹ́. Apá tó wà lọ́dọ̀ ìsun náà fún ara rẹ̀ bákan náà. Ó dùn ún dé ọkàn. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti fún, awọ rẹ̀ á wú bí òrùka níta, ògiri á sì dì nínú. Omi dúró.

"Òkété!" ni Ọparun ké. "Omi ṣì wà nínú mi! Ẹ gbé mi lọ síbi iná, kí o fi eyín dá ihò sí mi lára!"

Wọ́n gbé ìlàjì Ọparun lé èjìká. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ara Ọparun tẹ̀, ó yí igun ilé Ọ̀bọ po, ó kọjú sí iná. Òkété bu yàrá àkọ́kọ́ jẹ. Omi tú jáde ṣùà! Nígbà tó tán, ó bu èyí tó tẹ̀ lé e jẹ. Bí ibì kan ṣe ń gbẹ, ni òmíràn ń tú. Ọ̀bọ já ewé tútù, ó ń fi lu iná, omijé ń dà lójú rẹ̀, a ò mọ̀ bóyá èéfín ni tàbí ìtìjú. Ẹnu ọ̀nà àká gan-an ni iná náà kú sí.

Kí wọ́n tó mí, Ilẹ̀ tún mì. Wọ́n figbe ta, wọ́n di ara wọn mú. Ọparun tẹ̀ síhìn-ín, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó mì lọ mì bọ̀. Kò ṣẹ́. Ọmọ Ọ̀yà kan rí bó ṣe ń jó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ọparun wo ara rẹ̀. "Òkété, mo mà ti ṣe kókó-kókó."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí. Ǹ bá ti gbà fún ọ ní ìrọ̀rùn, kì bá tí dùn mí tó yìí."

"Èmi náà ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́," ni Ọ̀bọ wí, ó dojú bolẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ibi tó ṣẹ́."

Òkété wọ inú Ọparun, ó fi eyín gbẹ́ ilẹ̀kùn kékeré sí ògiri kọ̀ọ̀kan. Àwọn ihò tó ti bu jẹ, ó fi oje igi dí wọn. Ọ̀bọ fi ìtàkùn so ibi tó ṣẹ́ pọ̀.

"Má fún un jù," ni Ọparun ń sọ. "Jẹ́ kó lè mì."

Gbogbo ìlú pọ́n òkè bu omi ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, Ọ̀bọ pẹ̀lú. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Ọparun ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi wọlé, kọ̀lọ̀-kọ̀lọ̀, láti yàrá dé yàrá. Ohùn kan ni tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ó dà bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọmọdé bá ń sọ̀rọ̀ nínú ilé kan náà. Ọparun fetí sí i, inú rẹ̀ dùn.

Ó bí àwọn ọmọ lẹ́bàá ìsun. Àwọn ọmọ náà kò dùbúlẹ̀ bíi ti ìyá wọn. Wọ́n dìde dúró gbọnrangandan, wọ́n so gbòǹgbò kọ́ra, wọ́n di igbó. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú oríkèé ni a bí wọn, ilẹ̀kùn inú wọn sì wà ní títì.

Láti ọjọ́ náà ni oríkèé ti wà lára ọparun, tí ògiri sì wà nínú rẹ̀ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń tẹ̀ tí kì í tètè ṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi í fa omi, dandan ni kó kọ́kọ́ dá àwọn ògiri yẹn lu. Bí ẹ bá sì gé ọparun tútù, ẹ gbé e sétí, kí ẹ mì ín wò. Nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ omi díẹ̀ nínú yàrá kan, tó ṣì dì mọ́ra.