Epìyà Tí Kò Dáhùn Ẹ Káàárọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ò jẹun yó ni? Ohùn yín rí bí ti ẹyẹ tí òjò pa. Mo ní, ààlọ́ o!

Ààlọ̀ẹ̀ẹ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi rìn rìn rìn, kò yà sílé ajá, kò yà sílé ẹkùn. Ó já sómi pòó! Ó bá Epìyà níbẹ̀, abiyamọ inú omi.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹja ń sọ̀rọ̀ tí ènìyàn sì ń gbọ́, bàbá olówó kan wà tí wọ́n ń pè ní Olóyè Láṣebìkan. Kò sí ohun tí bàbá yìí kò ní. Ó ní ilé, ó ní oko, ó ní ikùn tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ yàrá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ: kí wọ́n máa kí i. Tí o bá kí i lẹ́ẹ̀kan, yóò dúró máa wò ọ́ bí ẹni pé ó ṣì ku ọ̀kan.

"Bí ti Bàbá Àgbà, Màmá?"

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá àgbà yín ń sùn, ẹ má jí wàhálà.

Lọ́jọ́ kan, Olóyè ní kí wọ́n kọ́ ilé gíláàsì sí pálọ̀ òun, ilé omi, ilé ẹja. Ó gùn tó ọkọ̀ apẹja, ó ga dé àyà ènìyàn. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n to òkúta sí i tí ihò wà láàárín wọn, wọ́n pọn omi kún un. Ó wá ránṣẹ́ sí odò pé ẹni tó bá fẹ́ ilé ọ̀fẹ́ àti oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí kò fẹ́ fojú kan àwọ̀n mọ́ láyé, kó máa bọ̀.

Ni àwọn ẹja bá tò.

Àrìnpé, ìyàwó Olóyè, ní, "Olóyè, kí wọ́n tó wọlé, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Kí ẹ sì wo bí ẹnu wọn ṣe tóbi tó."

Olóyè ní, "Háà! Àlejò ò tíì jókòó, kí n máa bi í pé kí ló ń jẹ? Ṣé ahun ni mí? Ẹni tó mọ ìkíni ló mọ ìwà. Ìkíni ni màá fi yàn wọ́n."

Òjíjí ló kọ́kọ́ dé. Ṣé ẹ mọ Òjíjí, ẹja tó ń gbọn ènìyàn jìgìjìgì bí wáyà iná? Ó ní òun fẹ́ bọ Olóyè lọ́wọ́. Olóyè na ọwọ́.

Yéè! Fìlà fò lọ. Eyín Olóyè ń lu ara wọn gbà-gbà-gbà. Ó ṣubú sẹ́yìn bí àpò gàrí.

Wọ́n ní kí Òjíjí máa lọ sílé. Òjíjí ń lọ, ó ń sunkún: "Ẹ jọ̀ọ́, inú mi ló dùn jù o!"

Àwọn Edé dé, ogún ni wọ́n, ẹ̀yìn gbogbo wọn tẹ̀ bí dòjé. Olóyè ní, "Ẹ wo ìkúnlẹ̀!" Ó gbà wọ́n.

Epìyà jó wọlé. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Olóyè. Ẹ kú ilé, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú fìlà tó bọ́." Olóyè rẹ́rìn-ín títí. Ó gbà á.

Ó wá kan Àrọ̀. Àrọ̀ nà gbalaja, àyà mọ́lẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tú ká sílẹ̀. Olóyè ní, "Dìde, ọmọ mi." Kò dìde. "Ó tó, dìde." Kò dìde. Omi bọ́ lójú Olóyè. "Ọmọlúàbí rèé! Irú wọn ò pọ̀ mọ́!"

Àrìnpé ní, "Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ o."

"Ẹnu tó fẹ̀ ló ń kíni dáadáa."

Bí gbogbo wọn ṣe di ará ilé kan náà nìyẹn. Láràárọ̀, Olóyè á wá kan gíláàsì, kò-kò-kò, gbogbo wọn á sì kí i. Inú bàbá á dùn, ikùn á máa mì.

Nígbà tó di oṣù kejì, Epìyà yé ẹyin. Ẹ gbọ́ mi o! Epìyà tiwa kì í fi ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ kiri bí adìyẹ aláìnírònú. Ẹnu ló ń kó wọn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Kò ní jẹun. Kò ní sọ̀rọ̀. Kò ní húkọ́ pàápàá.

"Ọjọ́ mélòó, Màmá?"

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀. Ìwọ Dúródọlá ńkọ́, tí o ò lè pa ẹnu dé kí ìrẹsì tó tutù!

Ilẹ̀ mọ́, Olóyè dé. Kò-kò-kò! Àwọn Edé kí i. Àrọ̀ kí i látorí àyà. Epìyà wò ó, ó mi ìrù.

"Epìyà, n kò gbọ́ tìrẹ."

Epìyà mi ìrù lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni ì bá ṣe? Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àrọ̀ wà. Àrọ̀ ti rí i nígbà tó ń ṣa ẹyin, ó mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀, itọ́ sì ti ń dà lẹ́nu tirẹ̀. Ó ń yí i ká, ó ń kọrin ẹ̀tàn. Ẹ bá mi gbè é o, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá la ẹnu ti pa ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú gbè é.

Epìyà, ṣé dáadáa lo jí?
M̀m̀-ḿm̀.
Epìyà, ṣé ara le?
M̀m̀-ḿm̀.
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kí ló wà níbẹ̀?
M̀m̀-ḿm̀.
Là á díẹ̀ kí n yọjú wò ó.
M̀m̀-ḿm̀!

Ẹ ṣeun. Ọmọ ẹja ò kú.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, Epìyà kò kí ẹnikẹ́ni. Olóyè ò lè jẹun mọ́ dáadáa. "Nínú ilé mi! Nínú omi mi! Ẹja ń gbéraga sí mi!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Edé ń dín kù. Ogún di mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá di mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án di márùn-ún.

Àrọ̀ dá ohùn sílẹ̀ jẹ́jẹ́ látorí àyà rẹ̀. "Olóyè mi, èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹnu ta ló kún nínú ilé yìí?"

Olóyè wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Epìyà. Ó wú pọ́ńpọ́. Orí Olóyè gbóná.

"Epìyà! La ẹnu rẹ!"

Epìyà bojú wẹ̀yìn. Àrọ̀ ti sún mọ́ ọn, ó ti la ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn àbáwọlé. Epìyà rò ó nínú ara rẹ̀ pé, "Tí mo bá là á, orúkọ mi á mọ́, àwọn ọmọ mi á sì gba ọ̀nà ọ̀fun bàbá yìí lọ." Ó pa ẹnu dé pinpin.

"Ó tún ń wò mí lójú! Àrìnpé, gbé òróró kaná!"

"Olóyè, ẹ rò ó wò..."

"Gbé e kaná!"

Àrìnpé bu omi sínú bàsíà, ó fi igbá gbé Epìyà sínú rẹ̀, ó gbé bàsíà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lẹ́yìnkùlé. Olóyè tẹ̀ lé e, ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Yéè, Màmá!"

Ẹ fọkàn balẹ̀. Epìyà wo ọ̀tún, kò rí Àrọ̀. Ó wo òsì, kò rí Àrọ̀. Ó ní, "Nínú bàsíà yìí, ẹnu kan ṣoṣo ló wà, èmi ni mo sì ni ín." Ló bá là á.

Wọ́n tú jáde wìì! Wọ́n tó ọgọ́ta, wọ́n kéré bí hóró ọkà bàbà, ojú ló pọ̀ jù lára wọn.

Epìyà ní, "Olóyè, ẹ káàárọ̀ o! Ti àná ńkọ́? Ẹ káàárọ̀. Ti ìjẹta? Ẹ káàárọ̀. Ọmọ ló wà lẹ́nu mi, kì í ṣe ìgbéraga. Tí ẹ bá fẹ́ dín mi, ẹ dín mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn padà sọ́dọ̀ bàbá onírùngbọ̀n yẹn."

Olóyè fẹ́ wò wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀, ikùn ò jẹ́. Ó lóṣòó, ikùn ò jẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó nà gbalaja sílẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ lé etí bàsíà. Aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri. "Olóyè, ta lẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Máa bá tìrẹ lọ!"

Àrìnpé ní, "Olóyè, ẹ dìde. Kò tíì tán. Tí Epìyà ò bá jẹ Edé, ta ló ń jẹ wọ́n? Ẹ jẹ́ ká padà sí pálọ̀ lọ kà wọ́n."

Wọ́n dé ìdí gíláàsì. Àrọ̀ wà lórí àyà rẹ̀.

Olóyè kà á. "Mẹ́rin."

"Ẹ tún un kà."

"Mẹ́ta."

"Ẹ tún un kà, Olóyè."

"Mé... Àrìnpé, ọwọ́ mi ni kò dúró ni, àbí kí ló dé?"

"Ẹ kí Àrọ̀."

"Àrọ̀, ẹ kú ilé o!"

Àrọ̀ ní, "M̀m̀-ḿm̀."

"La ẹnu rẹ!"

Àrọ̀ là á, Edé kan fò jáde, ó ń bú u tìyá-tìyá.

Olóyè di orí mú. "Àrọ̀! Àrọ̀ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi!"

Àrìnpé ní, "Ìgbà wo lẹ rí i tó dìde rí? Bí Ẹlẹ́dàá ṣe ṣe àyà rẹ̀ nìyẹn. Kì í kí yín, ó ń sinmi ni."

"Òróró ṣì gbóná! Ẹ gbé e wá!"

"Kí ló ṣe? Ebi ń pa á, ẹ̀yin lẹ kó Edé síwájú rẹ̀. Ẹni tó so ewúrẹ́ mọ́ ìdí iṣu, ṣé ewúrẹ́ ló máa nà?"

Olóyè ní, "Ó dáa, ẹ wá ibòmíràn fún un."

Wọ́n gbé Àrọ̀ lọ sínú adágún tó wà lẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn ẹlẹ́nu ńlá bíi tirẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó lè gbé ẹnìkejì mì níbẹ̀. Wọ́n kó àwọn Edé tó kù sínú àmù tiwọn, nítorí ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, ebi á pa Epìyà náà lọ́jọ́ kan.

"Wọn ò wá dín ẹnikẹ́ni, Màmá?"

Ọ̀jẹun! Àkàrà ni wọ́n fi òróró yẹn dín.

Epìyà àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà sáàárín òkúta. Oúnjẹ tí kò fẹnu kàn láti ọjọ́ yìí wá, Àrìnpé dà á sí i. Olóyè rìn wá, kò kan gíláàsì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Epìyà, ẹ kú ewu ọmọ o."

Epìyà ò dáhùn. Oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀.

Olóyè fa àga, ó jókòó, ó dúró dè é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tí ẹ bá dàgbà, tí ẹ ń yan ẹni tí ẹ máa bá gbé inú ilé kan, ìbáà ṣe ẹja, ìbáà ṣe ọkọ, ẹ wo ohun tó ń jẹ kí ẹ tó wo bó ṣe ń kíni. Ẹni tó bá sì dákẹ́, ẹ má tíì bú u. Ẹ ò mọ ohun tó ń dáàbò bò.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé, ibẹ̀ ni mo ti fi í sílẹ̀ kó máa wẹ̀ lọ. Tí mo bá purọ́, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú títí dọ̀la, kí n má lè mu ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ, kí ètè mi ró lẹ́ẹ̀mẹta.

Pó! Pó! Pó!

Ó ró àbí kò ró?

Ó ró o, Màmá!