Sípánà Tí Ajíbóyè Rà fún Ọmọ Rẹ̀

Ojú ní ń ra sípánà, ọwọ́ ní ń jìyà rẹ̀. Lóde òní, ẹni tí kò fọwọ́ kan sípánà rí láyé rẹ̀ ń pa òwe yìí. Wọ́n ń pa á fún ọmọ tó ń wo ẹran inú ọbẹ̀, wọ́n ń pa á fún ọkùnrin tó ń wo ìyàwó oníyàwó, bí ẹni pé ojúkòkòrò ni òwe náà ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ṣé ẹ mọ orísun rẹ̀? Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́, nítorí òwe tí a bá ń ṣì pa kò yàtọ̀ sí oògùn tí a ṣì lò.

Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì tó wà lọ́nà Ìkọ̀lé ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ agbégẹdú ṣe. Fásanmí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tún dín kù sí i, nítorí ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà ni Àsàbí ìyàwó rẹ̀ kú. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó sunkún. Ó kàn ń tètè dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ni, kì í sì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ń palẹ̀ mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó dàgbà jù ni Mórẹ́nikẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àsàbí. Àsàbí ló mú un wá, òun ló sì bá bàbá ọmọ náà fà á títí ó fi gbà pé obìnrin lè ṣe iṣẹ́ ọkọ̀. Ara Mórẹ́nikẹ́ kéré, ọwọ́ rẹ̀ náà sì kéré, ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ ọkùnrin kò lè wọ̀ lábẹ́ ẹ́ńjìnì, tirẹ̀ ń wọ̀ ọ́. Ó ti kọ́ṣẹ́ yanjú. Ó ku kó gba fírídọ̀ọ̀mù. Olówó gẹdú kan ti ṣèlérí pé gbogbo ọkọ̀ òun lòun yóò kó fún un tọ́jú, bó bá ti gba fírídọ̀ọ̀mù kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí gẹdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú igbó. Bí kò bá rí i gbà kó tó dìgbà náà, ẹlòmíràn ni yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Àṣà ọgbà náà ni pé àwọn ẹbí ló ń ra irinṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ní ọjọ́ náà, wọn yóò ṣí àpótí lójú gbogbo èèyàn, wọn yóò máa gbé irinṣẹ́ inú rẹ̀ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fi ẹrù ìyàwó han ará ilé ọkọ. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì yóò ti di nọ́ọ̀tì kan pinpin sára ògbólógbòó ẹ́ńjìnì, ọmọ iṣẹ́ yóò sì fi irinṣẹ́ tuntun tirẹ̀ tú u. Irinṣẹ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan nọ́ọ̀tì náà. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀.

Ajíbóyè, bàbá Mórẹ́nikẹ́, kì í ṣe oníṣẹ́ irin. Aago ògiri àti rédíò ló ń tà, ohun tó ń dán sì ti mọ́ ọn lójú. Ó gbé àpótí wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọkọ Àsàbí," ó wí, "wá wo nǹkan."

Ó ṣí i. Àwọn sípánà inú rẹ̀ ń kọ mànà bíi dígí. Fásanmí mú ọ̀kan. Èèkù rẹ̀ ki bí ọmọ odó, etí èèkù náà sì mú. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó rí i pé orí rẹ̀ ń fà á lulẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọmọ náà ti dì í mú wò?"

"Dì í mú wò kẹ̀? Ṣé bàtà ni?"

"Kò kúkú yàtọ̀ sí bàtà. Tí èèyàn bá di sípánà mú, ó yẹ kí àtàǹpàkò rẹ̀ kan ìka tó kángun sí i. Bí wọn kò bá kan ara wọn, yóò máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Etí rẹ̀ yìí náà, tó bá fà á pẹ́, yóò wọ ẹran ara."

Ajíbóyè rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí gbogbo sípánà rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọjà rírà. Bí mo bá gbé irú tìrẹ síwájú àwọn ará ilé wa, wọn ò ní í sọ pé orí ààtàn ni mo ti ṣà á?"

"Àwọn ará ilé kọ́ ni yóò fi tú nọ́ọ̀tì."

"Àwọn ni yóò wò ó."

Mórẹ́nikẹ́ nu ọwọ́ rẹ̀ sí aṣọ iṣẹ́, ó na ọwọ́ sí àpótí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbà á wò."

"Má fi gíríìsì kùn ún. Ọmọ tí wọ́n ń dá lọ́lá kì í tọ́ ọlá náà wò lẹ́yìn ilé."

Ká ní ẹlòmíràn ni, Fásanmí ì bá ti pa àpótí náà dé, kó sì gbé e lé e lórí padà. Ṣùgbọ́n àna ni àna ń jẹ́. Èèyàn kì í gbóhùn sókè sí ẹbí ìyàwó rẹ̀, pàápàá nígbà tí ìyàwó náà kò sí mọ́, tó jẹ́ pé ọ̀wọ̀ nìkan ló kù tó so wọ́n pọ̀. Ká ní Àsàbí wà ni, gbólóhùn kan ló máa sọ. "Bọ̀dá mi, ẹ dá a padà." Ó tán nìyẹn. Fásanmí mí kanlẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó gbádùn. Nígbà tó ṣe, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ bá Ajíbóyè ní ìsọ̀ rẹ̀, láàárín àwọn aago tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sọ àkókò tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ sípánà yẹn ni."

"O ò tíì gbàgbé?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi àti ọmọ náà lọ pààrọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀."

"Kí ẹ lọ fi dúdú sáàárín funfun? Mo tò wọ́n bí eyín ọ̀dọ́mọbìnrin, o fẹ́ kí n fi eyín tí kòkòrò jẹ sáàárín wọn." Ajíbóyè yíjú sí oníbàárà tó ń wọlé. "Ọkọ Àsàbí, ọ̀fọ̀ yìí ti jẹ́ kí ọkàn rẹ máa wá ohun tó máa bàjẹ́ kiri. Lọ sinmi."

Fásanmí wo àwọn aago náà. Ó rò ó pé ọkùnrin tó ń ta aago láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò wo èyí tó bá àkókò mu nínú wọn rí, kí ni wọ́n fẹ́ sọ fún un nípa sípánà? Inú bí i débi pé ó kọjá ilé ara rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù pé. Ajíbóyè gbé àwọn sípánà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé ń hó yè, oòrùn ń ta lára irin náà, àwọn tó jókòó níwájú tilẹ̀ ń fi ọwọ́ bo ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n pe Mórẹ́nikẹ́ sídìí ẹ́ńjìnì.

Ó ki ẹnu sípánà bọ nọ́ọ̀tì. Fásanmí rí ọwọ́ rẹ̀ lára èèkù náà. Àtàǹpàkò rẹ̀ jìnnà sí ìka yòókù. Ó fà á. Nọ́ọ̀tì kò mì. Ó fi ọwọ́ kejì kún un, ó ya ẹsẹ̀, ó tún fà á. Etí irin wọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró díẹ̀ láti tún un dì mú. Bó ṣe fi gbogbo ara fà á lẹ́ẹ̀kan sí i báyìí, sípánà yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ gbá irin ẹ́ńjìnì. Awọ oríkèé ìka rẹ̀ bó, ìka kan sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kò ké. Ó nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó tún gbìyànjú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti mú kí irin náà máa yọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ajíbóyè dìde. "Wọ́n ti jó nọ́ọ̀tì yẹn mọ́ irin ni. Ẹ kò fẹ́ kí obìnrin wọ ẹgbẹ́ yín."

Jìnádù, olórí ẹgbẹ́, kò bínú. "Bàbá Mórẹ́nikẹ́, ẹ wá tú u wò. Ẹ̀yin lẹ kúkú ni sípánà."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ajíbóyè ká apá agbádá rẹ̀, ó gba sípánà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó fà á. Ó gé ètè jẹ. Ó tún fà á, ó jù ú sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ há abíyá. Nígbà tó yọ ọwọ́ náà jáde, ipa irin ti fa ilà pupa sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Fásanmí wá dìde níbi tó jókòó sí. Òfin ní kó má bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò ní kó má bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Ajíbóyè, lórí ilẹ̀ tí epo ọkọ̀ ti rin, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ra sípánà yìí?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ fi yàn án?"

Ajíbóyè wo àpótí tó ṣì ń dán nínú oòrùn. Ó wo ìka ọmọ rẹ̀. "Ojú," ó wí. "Ojú mi ló rà á."

"Ọwọ́ ọmọ yín ló ń jìyà rẹ̀."

Kò sí fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ náà. Àwọn àlejò gbé oúnjẹ wọn lọ sílé. Kí ìka náà tó san, ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, olówó gẹdú náà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, Mórẹ́nikẹ́ lọ sí ìsọ̀ onírinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó pa ojú dé, ó ń di àwọn sípánà mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún, òǹtajà ń kùn pé ṣé afọ́jú lòun ń tajà fún ni. Ajíbóyè dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, kò bá a yàn. Àwọn tó yàn kò dán. Láàárín ọ̀sẹ̀, láìsí àlejò, ó fi ọ̀kan nínú wọn tú nọ́ọ̀tì náà níwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó sì gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀. Ọkọ̀ kéékèèké ló fi bẹ̀rẹ̀. Ìka yẹn kò nà tán mọ́ láéláé. Nígbà tí Fásanmí délé lọ́jọ́ fírídọ̀ọ̀mù náà, ó ti la ẹnu láti ròyìn fún Àsàbí kó tó rántí.

Láti ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni òwe náà ti tàn kálẹ̀. Ẹ wá rí i báyìí pé kò bá ojúkòkòrò tan. Àwọn àgbà máa ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá ń yan ohun tí ẹlòmíràn yóò máa lò, tó sì jẹ́ pé ojú àwọn òǹwòran ló fi ń yàn án: ẹbí tó kọ́ ilé alájà fún ìyá tí orúnkún ń dùn, bàbá tó yan ọkọ fún ọmọ nítorí bí ọkọ náà ṣe máa rí lójú agbo. Wọn yóò ní, ojú ní ń ra sípánà, ọwọ́ ní ń jìyà rẹ̀. Bí àgbà bá pa á fún ọ, kò bú ọ. Ó ń sọ fún ọ pé kí o lọ pe ẹni tó ni ọwọ́.